Ta Ló Ni Ikú Ẹni? Ìtàn Òfin, Ìrora àti Àwọn Ọmọ Òkè Ìdànrè

Lórí òkè Ìdànrè, níbi tí àwọn baba ńlá àwọn ará Òdòdé, Aládé àti Atosin gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò ń gùn kó tó rí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀. Àwọn ojúbọ wà níbẹ̀, ipasẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Àgbòógùn sì wà lára àpáta. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí wọ́n ń sìnkú sí. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà kọ orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí UNESCO ní 2007 pé kí wọ́n kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé, àti ilé ẹjọ́ àti ibojì ni wọ́n dárúkọ nínú ohun tó mú ibẹ̀ níyì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wà láàárín méjèèjì yẹn. Bí àìsàn bá borí oògùn, tí ẹni tó ń jìyà rẹ̀ bá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ta ló lẹ́nu ọ̀rọ̀? Ṣé aláìsàn ni, àbí dókítà, àbí ẹbí, àbí adájọ́, àbí Ọlọ́jọ́ tó dá ọjọ́? Lọ́ńdọ̀nù, Oregon àti Pretoria ti gbọ́ ẹjọ́ yìí. Àwọn aláìsàn tó mọ̀ pé àwọn ò ní dìde mọ́ lọ bẹ òfin níbẹ̀ pé kó jẹ́ kí dókítà ran àwọn lọ́wọ́ láti kú nírọ̀rùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu ọ̀nà mìíràn ni ẹjọ́ náà gbà wọlé, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin tó de dókítà lọ́wọ́ ní Ìdànrè lónìí ní ibi tó ti wá àti ọjọ́ tó dé, àwa náà sì ti fi ẹ̀mí àwọn èèyàn wa dán an wò.

Ká tó dé orí òfin, ẹ jẹ́ ká wo ilé. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àwọn tó pa òwe náà kò fi ṣeré. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀ kì í rí ọ̀nà mìíràn gbà. Baṣọ̀run á kéde fún un pé ọ̀run kọ̀ ọ́, ayé náà kọ̀ ọ́. Igbá òfìfo tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ti tó iṣẹ́ jẹ́. Àwọn mìíràn wà tí oyè wọn fi dandan lé e pé bí ọba bá wàjà, àwọn náà á bá a lọ. Abọ́bakú ni wọ́n, wọ́n jayé oyè náà, wọ́n sì mọ gbèsè tó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ikú wọ̀nyí, kò sí èyí tó jẹ́ ti ẹni tó kú u. Ìlú ló ni ín. Ìlú ló pè é, ìlú ló yàn án, ìlú ló sì jèrè rẹ̀. Ẹni tó bá dá ti ara rẹ̀ ṣe, tí ìbànújẹ́ lásán mú kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, inú igbó ni wọ́n ń sin ín sí lọ́pọ̀ ibi. Ètùtù ni wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í jó nínú ìsìnkú náà.

Láàárín méjèèjì yìí ni aláìsàn àgbà wà, ẹni tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́, tí ẹran ara ti tán lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kó kú, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kó má rẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa yí i padà, wọ́n á máa fi omi tútù kan ètè rẹ̀. Ìgbà tó bá yá, àdúrà inú ilé á yí padà. Wọn ò ní máa sọ pé kí Ọlọ́run wò ó sàn mọ́. Wọ́n á ní kí Ọlọ́run ṣe èyí tó bá dára jù. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ti irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí àdúrà yẹn ń béèrè, àgbàlagbà kan kì í sì í fẹnu sọ ọ́ jáde. A rí tàìsàn ṣe, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe: ibẹ̀ ni àṣà wa fi ọ̀rọ̀ náà sí.

Ìgbà tí òfin ìjọba fọwọ́ bọ irú ọ̀rọ̀ yìí lójú gbogbo ayé nílẹ̀ Yorùbá, Ọ̀yọ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Olókùn Ẹṣin rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn abọ́bakú, ní láti tẹ̀ lé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, ọkùnrin náà wọ aṣọ funfun, ó sì ń jó bọ̀ nígboro Ọ̀yọ́, ijó ìdágbére. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó gbọ́, ó ní kí wọ́n lọ mú un kó má bàa kú. Wọ́n dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbọ́ pé bàbá òun kò lọ mọ́, òun ló kú dípò bàbá. Dúró Ládiípọ̀ fi ìtàn yìí ṣe eré Ọba Wàjà ní 1964, Wọlé Ṣóyínká sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1975. Nítorí eré méjèèjì, ayé mọ ìtàn náà gẹ́gẹ́ bí ìjà àṣà pẹ̀lú ìjọba amúnisìn, èyí sì tọ̀nà. Èyí tó máa ń dùn mí níbẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ìlú sọ fún ọkùnrin kan pé kó kú, ìjọba sọ fún un pé kò gbọdọ̀ kú, ìlú àti ìjọba sì ń jà lórí rẹ̀ bí ẹni ń jà lórí ilẹ̀. Kò sí kóòtù kankan tó jókòó láti gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa parí ìjà, òkú ọmọ ló wà nílẹ̀.

Òfin tí ajẹ́lẹ̀ gbára lé nígbà náà kì í ṣe ti Ọ̀yọ́, kì í sì í ṣe ti Ìdànrè. Adájọ́ kan tó ń jẹ́ Samuel Griffith ló kọ ọ́ fún ìpínlẹ̀ Queensland ní ilẹ̀ Australia, wọ́n sì fọwọ́ sí i níbẹ̀ ní 1899. Lugard mú un wá sí òkè ọya ní 1904. Ní 1916, lẹ́yìn tí wọ́n ti so àríwá pọ̀ mọ́ gúúsù, ó di òfin gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ará Ìdànrè ṣì wà lórí òkè. Bíi ọdún 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀, tí ìsàlẹ̀ òkè fi di ìlú, tí oko kòkó ń gbilẹ̀ ní gbogbo ìgbèríko, títí Ìdànrè fi wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí kòkó wọn pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Kí àwọn baba ńlá wọn tó fi òkè sílẹ̀, òfin Griffith ti lo ọdún méje nílẹ̀ Nàìjíríà, ó ń dúró dè wọ́n.

Ohun tí òfin náà sọ kò ṣòro. Abala 299 ní bí ẹnì kan bá tilẹ̀ gbà pé kí wọ́n pa òun, gbígbà tó gbà yẹn kò yọ ẹni tó pa á nínú ẹ̀ṣẹ̀. Abala 311 ní ẹni tó bá mú kí ikú tètè dé bá ẹni tí àìsàn mìíràn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, apànìyàn ni. Abala 326 ní ẹni tó bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ á ṣẹ̀wọ̀n gbére. Abala 327 wá dojú kọ ẹni tó ní ìbànújẹ́ fúnra rẹ̀: bó bá gbìyànjú rẹ̀ tí kò sì kú, ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé èrò yìí fún wa pa tiwọn rẹ́ ní 1961. Láti ọdún yẹn, ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn mọ́ ní England, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ràn án lọ́wọ́ ṣì jẹ́ ọ̀daràn. Àwa gba òmìnira ní 1960, a sì di tiwa mú.

Ìwé ńlá tí àwọn lọ́yà gúúsù Nàìjíríà fi ń ka òfin yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí Brett àti McLean kọ́kọ́ kọ, ọmọ Àkúrẹ́ kan wà nínú àwọn tó tún un ṣe: Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ẹni tó jẹ́ adájọ́ àgbà ní Botswana tẹ́lẹ̀, tó sì tún darí ìgbìmọ̀ tó yan Àbújá ṣe olú ìlú. Àkúrẹ́ àti Ìdànrè kò jìnnà síra. Ẹ kò lè sọ pé òfin náà ṣì jẹ́ àlejò nígbà tí ọmọ ilé tó bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Bí abala 299 ṣe le tó hàn nínú ẹjọ́ kan ní ìlà oòrùn Nàìjíríà ní 1972, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Okezie. Oníṣègùn ìbílẹ̀ ni Okezie. Ó ṣe oògùn ìbọn fún oníbàárà rẹ̀, irú èyí tí tiwa ń pè ní ayẹta. Oníbàárà náà fúnra rẹ̀ ló ní kó yìnbọn fún òun kí àwọn fi dán oògùn náà wò. Ìbọn wọlé, ọkùnrin náà kú. Kóòtù ní ìpànìyàn ni, bí òkú náà tilẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹ fi dókítà rọ́pò oníṣègùn, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ rọ́pò ìbọn, kí ẹ sì fi aláìsàn tó ń kígbe rọ́pò ọkùnrin náà: ibi kan náà ni òfin á gbé wọn dé. Ìlànà ìwà àwọn dókítà tí ìgbìmọ̀ wọn gbé jáde pẹ̀lú sì ka fífi ọwọ́ ran aláìsàn lọ́wọ́ láti kú léèwọ̀.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀, ikú obìnrin kan ló ṣí i.

Ọmọ ọdún 29 ni. Ó bímọ ní oṣù Keje ọdún 1991, lẹ́yìn náà ìrora mú un, kò lè rìn dáadáa. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, àwọn dókítà ní àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni òun àti ọkọ rẹ̀, ìgbàgbọ́ wọn kò sì fàyè gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n kọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, lọ́dọ̀ Dókítà Okonkwo tó ń sin Ọlọ́run bíi tiwọn. Obìnrin náà ti fọwọ́ sí ìwé pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára. Dókítà tọ́jú rẹ̀ láìlo ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ, ó kú.

Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí pe Okonkwo síwájú wọn. Wọ́n ní ó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ó ṣe ohun tó lòdì sí ìbúra rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó sì borí. Ìgbìmọ̀ náà kò gbà, wọ́n gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ọdún 2001 ni ìdájọ́ jáde, ọmọ Iléṣà, Adájọ́ Emmanuel Ọláyínká Ayọ̀ọlá, ló ka èyí tó ṣíwájú.

Mo rọ gbogbo ẹni tó bá lè kà á pé kó ka ìdájọ́ yẹn, nítorí ó wà lára ohun tó mọ́gbọ́n wá jù tí kóòtù wa tíì sọ nípa ara èèyàn. Ayọ̀ọlá ní ìwé òfin ilẹ̀ wa fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ara rẹ̀ àti sí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, ì báà jẹ́ pé ìtọ́jú náà ni kò ní jẹ́ kó kú. Dókítà lè ṣàlàyé fún un, ó lè bẹ̀ ẹ́, ó lè ní òun ò lè bá a ṣe é mọ́. Ohun tí kò lè ṣe ni kó fi tipátipá wọ inú ara rẹ̀. Bí ẹ̀tọ́ aláìsàn náà bá fẹ́ ṣe ìpalára fún àwọn ará ìlú, bóyá nítorí àrùn tó ń ràn, kóòtù ni yóò wọ̀n ọ́n, dókítà kọ́. Wọ́n dá Okonkwo láre.

Ìyẹn ni pé òfin Nàìjíríà ti sọ fún wa láti 2001 pé a lè kọ̀. A lè ní kí wọ́n má gbé wa lọ fún iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n má fi ẹ̀rọ bá wa mí, kí wọ́n jẹ́ ká lọ sílé. Ṣùgbọ́n a kò lè ní kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́ láti kú. Ibi tí ààlà wà nìyẹn, kò sì tíì yẹ̀ títí di òní.

Ẹjọ́ kejì fi hàn pé ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú náà kì í ṣe ohun tí a lè lò fún ẹlòmíràn. Ọmọ kan wà tí wọ́n bí ní Lẹ́kí, ní Èkó, ní oṣù Kẹrin ọdún 1997. Kò tíì pé oṣù kan tí àìsàn ńlá fi kọ lù ú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, gìrì sì ń mú un. Ìyá rẹ̀ kọ ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ kan náà. Dókítà Tunde Faweya kò lè wò ó níran. Wọ́n gba àṣẹ ní kóòtù Májísíréètì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára, ó sì yè. Ìyá kò gbà, ẹjọ́ ń lọ láti kóòtù dé kóòtù títí di oṣù Kẹta ọdún 2019, nígbà tí Adájọ́ Bọ́dé Rhodes-Vivour ka ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pé àgbàlagbà lè kọ ìtọ́jú fún ara rẹ̀, kò lè kọ̀ ọ́ fún ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọmọ tí wọ́n ń jà lé lórí ti di ẹni ọdún 21.

Ní ọdún 2001 tí Ayọ̀ọlá sọ̀rọ̀, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Diane Pretty ń bá òfin jà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àrùn iṣan ti rọ ọ́ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì pé pérépéré. Ó fẹ́ kí ọkọ òun ran òun lọ́wọ́ nígbà tí àkókò bá tó, kí ìjọba má sì gbé ọkọ náà lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn adájọ́ àgbà ilẹ̀ wọn kọ̀ fún un ní oṣù Kọkànlá. Ó gbé e lọ sí kóòtù àwọn ará Yúróòpù ní Strasbourg, àwọn náà kọ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2002. Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn rẹ̀, ó kú. Nínú oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbà fún obìnrin mìíràn, ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí, pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà bó bá wù ú. Ọ̀kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe nǹkan, wọ́n ní rárá. Èkejì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe nǹkan mọ́, wọ́n ní ó dára. Ààlà tí Ayọ̀ọlá fi lélẹ̀ gan-an nìyẹn, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu bí ìrora ènìyàn méjì ṣe lè dọ́gba tí òfin á sì fi ògiri sí àárín wọn.

Ní Áfíríkà, ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ògiri náà ni Robert Stransham-Ford, lọ́yà kan ní South Africa tí jẹjẹrẹ prostate ti gbilẹ̀ lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2015, Adájọ́ Fabricius ní Pretoria ní kí dókítà tó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ràn án lọ́wọ́, òfin kò ní mú un. Wákàtí díẹ̀ kí àṣẹ náà tó jáde ni ọkùnrin náà ti kú fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ní kóòtù. Ìjọba pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Oṣù méjì ṣáájú ìyẹn, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu, ní ọjọ́ tó pé ẹni ọdún 85, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òun fẹ́ kí òun ní ẹ̀tọ́ láti yan bí òun yóò ṣe lọ. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ bínú sí i. Èmi rò pé ẹni tó ti sìnkú tó bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ kí a gbọ́ tirẹ̀.

Oregon ti ń gba irú ìrànlọ́wọ́ yìí láàyè láti 1997. Ní England, ilé aṣòfin kékeré dìbò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 lórí àbá òfin tí Kim Leadbeater, ọ̀kan nínú wọn, gbé wá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, 330 gbà, 275 kọ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2025, ibò 314 sí 291 ni wọ́n fi gbé e kọjá lọ sí ilé aṣòfin àgbà. Aláìsàn tí wọn kò retí pé yóò lò ju oṣù mẹ́fà lọ mọ́ ni àbá náà wà fún. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó ń darí ẹgbẹ́ Conservative, wà lára àwọn tó dìbò pé rárá. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí wọ́n ti ilẹ̀ Yorùbá lọ síbẹ̀, tí àwọn aláìsàn wọ̀nyí wà lọ́wọ́ wọn lóru, ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n ju bí ó ṣe kan àwọn tó ń dìbò lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìdànrè.

Nínú gbogbo ìjà tí mo ti kà yìí, ohun kan wà tí àwọn tó ń jà á ní lọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Diane Pretty kú sí ilé ìtọ́jú tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní yè mọ́, oògùn ìrora wà níbẹ̀. Ẹ wá wo àgbẹ̀ kòkó tí jẹjẹrẹ mú ní ìgbèríko Ìdànrè. Owó kòkó ọdún náà á lọ sórí àyẹ̀wò. Owó kòkó ọdún tó ń bọ̀, wọ́n ti fi yá owó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tán, ẹnì kan á rọra pe ọmọ rẹ̀ àgbà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ní, “Ẹ máa gbé bàbá lọ sílé.” Kò ní sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ìrora bàbá nílé. Páńdọ́ọ̀lù ni, tàbí ohunkóhun tí kẹ́míìsì bá ní. Kódà Gàní Fawẹ̀hìnmi, ọmọ Oǹdó, tí owó àti orúkọ rẹ̀ kò kéré, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló wà lára rẹ̀, ó sì ké síta nípa rẹ̀ kó tó kú ní 2009.

Oògùn tí ó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ bàbá yẹn ń jẹ́ mọfíìnì. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ omi, wọ́n ń mu ún ní ìwọ̀n tí dókítà bá kọ, kò sì wọ́n. Àjọ ìlera àgbáyé ti ní láti 1986 pé òun ni kí a fi máa tọ́jú ìrora jẹjẹrẹ tó bá le. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn Lancet kó jọ fi hàn ní 2017 pé nínú nǹkan bíi 300 tọ́ọ̀nù irú oògùn yìí tí wọ́n ń pín káàkiri ayé lọ́dọọdún, ìdá kan nínú mẹ́wàá tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló ń dé àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn tó tòṣì jù yẹn nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti wá mọfíìnì kiri fún ìyá rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyánnwò, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkùn èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lórí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jà kí mọfíìnì wọlé, kí dókítà kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà níbẹ̀, ní ibi tí wọn yóò ti máa tọ́jú ẹni tí kò ní yè mọ́, kí nọ́ọ̀sì sì lè máa lọ bá a nílé. Ìjà yìí kò ní adájọ́, kò sì sí nínú tẹlifíṣọ̀n bíi ti Pretty, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun ló yẹ kó ṣáájú. Kí ẹni kan tó lè sọ pé òun yan ikú, ó yẹ kí ọ̀nà mìíràn wà tó lè yàn. Ẹni tí ìrora ń fún lọ́rùn tọ̀sán tòru kò tíì yan nǹkan kan. Bí ó bá ti rí oògùn, tó sùn, tó jí, tó bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, tó sì tún ní ó tó òun, ìgbà náà ni èmi yóò fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa gbọ́ ọ, kí wọ́n má sì sáré dá a lóhùn.

Ìbẹ̀rù wà láàárín àwọn dókítà pẹ̀lú. Ẹni tó bá ka abala 311 yóò máa ṣiyèméjì kó tó fún ẹni tó ń kú lọ ní oògùn líle, kí wọ́n má bàa sọ pé òun ló pa á. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1957, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, Adájọ́ Devlin sọ nínú ẹjọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Bodkin Adams ní Lọ́ńdọ̀nù pé dókítà lè ṣe gbogbo ohun tó bá tọ́ láti mú ìrora kúrò, bí ohun tó ṣe bá tilẹ̀ gé ẹ̀mí aláìsàn náà kúrú díẹ̀. Àwọn tó mọ mọfíìnì lò sì ń sọ fún wa pé bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n dáadáa, kì í pani.

Àbùkù tó tún yẹ kí a yọ kíákíá ni abala 327. Èkó ti dẹ tirẹ̀ láti 2011, òfin ìpínlẹ̀ náà ní kí kóòtù gbé ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ghana pa tiwọn rẹ́ ní 2023. Ní Àbújá, Sẹ́nétọ̀ Asuquo Ekpenyong láti Cross River gbé àbá kan kalẹ̀ kí ìtọ́jú lè rọ́pò ẹ̀wọ̀n, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú sì ti ń sọ ọ́ láti 2024 pé kí a yọ ẹ̀ṣẹ̀ náà kúrò nínú ìwé. Ẹni tí ayé sú ní Atosin nílò ẹni tí yóò jókòó tì í. Kí ni ọlọ́pàá fẹ́ bá a sọ?

Kí òfin mìíràn tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ti wà lọ́wọ́ yín báyìí. Òfin ìlera ti 2014, ní abala 23, fi dandan lé e pé kí dókítà sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn fún un, oríṣi ìtọ́jú tó wà, ewu inú rẹ̀ àti iye tó máa ná an, kó sì sọ ọ́ ní èdè tó yé e. Bí Yorùbá ló gbọ́, Yorùbá ni. Aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú, dókítà sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún un. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ní èrò lórí ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn kò fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí ojú wọn ṣì mọ́lẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹni méjì ṣe ẹlẹ́rìí, bí obìnrin ọdún 1991 náà ṣe ṣe é. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé wọn lọ sílé, ẹ má tíì dìde. Ẹ béèrè ohun tí ẹ máa fún wọn bí ìrora bá dé lóru. Ẹ dárúkọ mọfíìnì. Bí dókítà bá ní kò sí níbẹ̀, ẹ ní kó kọ̀wé fún yín lọ sí ibi tó wà.